Vetiver, eèsún, iféfé àti koríko ọba: èwo ló yẹ etí odò ẹ̀yìnkùlé yín n'Íbàdàn?

Ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní apá Odò-Ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́ lọ bá odò kékeré kan. Láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹta, ọmọdé á fẹsẹ̀ rìn kọjá nínú rẹ̀ láì ká ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti gbó nínú oṣù Kẹfà, odò yìí kan náà ni í gbé táyà, páànù àti odindi igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá lójú wa. Lọ́dún kejì tí a kó débẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé igi ìbẹ́pẹ kan, tó jìnnà sí omi nígbà tí a dé, ti ń na gbòǹgbò sínú afẹ́fẹ́. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, ìbẹ́pẹ náà ti bá omi lọ, ilẹ̀ tó dúró lé sì bá a lọ.

Ẹni tó bá dàgbà n'Íbàdàn kò nílò àlàyé lórí ohun tí omi lè ṣe. Omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ṣì wà lẹ́nu àwọn òbí wa. Ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ṣojú èmi gan-an. Èèyàn tó lé ní 100 ló bá a lọ. Koríko kò lè dá irú omi bẹ́ẹ̀ dúró, n kò sì ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Iṣẹ́ tí koríko lè ṣe ni kó di ilẹ̀ mú lọ́wọ́ àgbàrá kéékèèké tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, tí a kò fi ní fura títí fẹ́ǹsì á fi là. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Koríko mẹ́rin ni àwọn èèyàn máa ń dárúkọ fún mi tí mo bá ní mo fẹ́ gbin nǹkan sétí omi. Mẹ́ta nínú wọn ni mo ti fọwọ́ ara mi gbìn. Ìkẹrin, iféfé, ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, òun ló sì kọ́ mi ní ohun tí ẹnu ò lè kọ́ mi.

Ẹ wo abẹ́ ilẹ̀ kí ẹ tó wo ewé

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì, ewé ni wọ́n á fi hàn yín: èyí tó ga, èyí tó tutù yọ̀yọ̀, èyí tí yóò tètè bo ọgbà. Gbòǹgbò ni kí ẹ béèrè. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn àti àgbàdo àti ìrèké. Ojú lásán lè má mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti yàtọ̀ síra. Ọ̀kan ń lọ tààrà sísàlẹ̀ bí ìṣó. Ọ̀kan ń na gbòǹgbò ká gbogbo àyíká rẹ̀ nítòsí òkè ilẹ̀. Ọ̀kan ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ bọ́ sí ilé onílé. Ìkẹrin ṣù jọ síbi tí ẹ gbìn ín sí, kò jìn, kò sì fẹ̀.

| | Vetiver | Eèsún | Iféfé | Koríko ọba |
|---|---|---|---|---|
| Gíga (ẹsẹ̀ bàtà) | 5 sí 6 | 7 sí 13, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ | 7 sí 13 | 3 sí 5 |
| Gbòǹgbò | tààrà sísàlẹ̀, ó lè kọjá ẹsẹ̀ bàtà 10 | ó pọ̀, ó fẹ̀, púpọ̀ rẹ̀ wà nítòsí òkè | ó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ | ó kúrú, ó ṣù jọ |
| Tí omi bá dúró lé e | ó ń fara dà á | fún ìgbà díẹ̀ | ibẹ̀ gan-an ló fẹ́ | á jẹrà |
| Ṣé ó ń ràn? | rárá | bẹ́ẹ̀ ni | gan-an ni | rárá |
| Ibi tó ti dára jù | etí ilẹ̀ tí àgbàrá ń jẹ | ilé tí wọ́n ti ń sin ẹran | irà tí omi ìdọ̀tí ń dé | orí ilẹ̀ gíga, nítòsí ilé ìdáná |

Gbogbo wọn ló fẹ́ oòrùn. Tí igi máńgòrò bá ti ṣíji bo etí odò yín pátápátá, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó náwó lórí èyíkéyìí.

Vetiver

Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Íńdíà ni èyí tí wọ́n ń tà fún ọgbà ti wá. Ó ní ìbátan kan tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó ń hù fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀ àkùrọ̀, tí àwọn àgbẹ̀ Òkè Ọya sì ń fi pààlà oko. Èyí tiwa ń so èso tó ń hù. Ti Íńdíà kì í sábà so èso tó lè hù, ìdí nìyẹn tí kì í fi í di ìgbòrò sí yín lọ́wọ́. Ní àwọn ọdún 1950, ní oko ìrèké ní Fiji, John Greenfield lò ó láti dá ilẹ̀ dúró lórí òkè. Ní àwọn ọdún 1980, òun àti Richard Grimshaw mú un wọ iṣẹ́ Báǹkì Àgbáyé fún àwọn àgbẹ̀ Íńdíà. Ní ọdún 1991 ni Ọba Bhumibol bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn ará Thailand pé kí wọ́n gbìn ín. Ohun tí gbogbo wọn rí kò ju gbòǹgbò lọ: ní ilẹ̀ tó dára, ó lè wọlẹ̀ tó mítà 3 lọ́dún àkọ́kọ́.

Mo hú ọ̀kan nígbà tó pé oṣù mẹ́rin, nítorí mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Mo fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ihò náà fi gba apá mi dé èjìká, síbẹ̀ n kò rí òpin gbòǹgbò. Ó tín-ínrín bí òwú tí wọ́n fi ń rán bàtà, ó sì pọ̀ bí irun. Ó gba àárín yangí kọjá níbi tí ọkọ́ mi ti ń dún kọ̀ọ̀ tí kò wọlé. Mo fà á, ó ń fà mí padà. Nígbà tí ọ̀kan já, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọwọ́ mi: bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, tí ẹ da pọ̀ mọ́ igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Òórùn yìí ni wọ́n ń fún jáde fún lọ́fíńdà, púpọ̀ rẹ̀ sì ń wá láti Haiti. Ní Íńdíà, wọ́n ń hun gbòǹgbò náà bí ẹní, wọ́n á fi kọ́ ojú fèrèsé, wọ́n á máa wọ́n omi sí i nígbà ooru kí atẹ́gùn tó wọlé lè tutù.

Lókè ilẹ̀, igi rẹ̀ dúró gbọn-in, ó sún mọ́ra bí eyín òòyà. Àgbàrá tó ń sáré bọ̀ á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á rọlẹ̀, á já erùpẹ̀ tó kó sílẹ̀ sẹ́yìn ìlà koríko, omi nìkan á wá yọ kọjá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, erùpẹ̀ yẹn á di àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn ìlà kejì nínú ọgbà mi, ilẹ̀ ti ga tó àtẹ́lẹwọ́ méjì ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀ àti ewédú mi wà báyìí.

Ẹ ṣọ́ra lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á o. Ẹni tó kọ́kọ́ tà á fún mi gba owó vetiver, ó sì kó koríko ọba fún mi. Mo fi ọ̀sán kan gbáko gbìn ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yà wọlé, ó já ewé kan, ó fọwọ́ rún un.

"Ọmọ mi, ṣé tíì lo fẹ́ máa sè fún gbogbo àdúgbò ni?"

"Rárá o, Màmá. Koríko tó ń di ilẹ̀ mú ni."

Ó na ewé náà sí mi nímú. "Gbóòórùn rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, n kì í ra ohunkóhun láì kọ́kọ́ rún ewé rẹ̀. Ewé vetiver kò ní òórùn kankan. Gbòǹgbò rẹ̀ ló ní. Ewé koríko ọba ló ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ìdí vetiver tún pẹlẹbẹ, ewé rẹ̀ kò sì rọ̀ dọ̀bọ̀ bíi ti èkejì.

Bí ẹ ó ti gbìn ín rèé. Ẹ fi àdá ya ìdí rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ìdì kọ̀ọ̀kan ní ọmọ 2 tàbí 3. Ẹ gé ewé kù bí ìwọ̀n ọwọ́ kan, ẹ gé gbòǹgbò kù bí ìka kan. Ẹ ti ìdí rẹ̀ bọ ẹrẹ̀ tí ẹ fi ìgbẹ́ màlúù pò, kó má bàa gbẹ. Kí ìlà náà dábùú gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ náà, kó má ṣe bá a sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá gbìn ín láti òkè sí ìsàlẹ̀ ti lànà fún omi nìyẹn. Àlàfo àárín ìdì kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ibí ni àwọn èèyàn ti ń ṣahun. Wọ́n á gbìn ín ní ẹsẹ̀ bàtà kan síra nítorí owó, omi á gba àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n á wá sọ pé irọ́ ni. Ó sàn kí ìlà yín kúrú kó sì dì ju kó gùn kó lu lọ.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló nílò ìtọ́jú. Ẹ máa bomi rin ín tí òjò bá dá, ẹ tu èpò àárín rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀gún tàbí nẹ́ẹ̀tì dí i mọ́ ewúrẹ́. Ewúrẹ́ Ìbàdàn kò mọ ọgbà ẹnì kankan, ọmọ ewé vetiver sì dùn lẹ́nu wọn. Tó bá ti dàgbà, ewé rẹ̀ á le, wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gé e sí ìwọ̀n orúnkún lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Ẹ má da ohun tí ẹ gé nù. Ẹ fi bo ìdí ẹ̀fọ́ àti ata: kì í tètè jẹrà, ó sì ń pa ọ̀rinrin mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀rọ̀ sọ́kàwéè náà wà níbẹ̀. Ibi tí omi rẹ̀ ti ń sun jáde tí ilẹ̀ kò gbẹ, vetiver ń mu omi yẹn, ó sì ń sanra lórí rẹ̀. Mo gbìn ín yí tiwa ká ní ìlà méjì. Kò wo sọ́kàwéè tó bàjẹ́ sàn, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tí a máa ń tẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti dín kù púpọ̀.

Eèsún

Tiwa ni, Áfíríkà ni ilé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Òun ni mo kọ́kọ́ gbìn nítorí pé ọ̀fẹ́ ni: mo gé igi rẹ̀ létí odò kan náà, kí igi kọ̀ọ̀kan ní oríkèé 3, mo ri oríkèé 2 sínú ilẹ̀ ní ìdagun. Láàárín oṣù mẹ́ta ó ti ga jù mí lọ. Inú mi dùn.

Ohun tí mo rí nígbà òjò kejì ni pé eèsún di òkè ilẹ̀ mú dáadáa, kò sì di ìsàlẹ̀ mú. Omi gba abẹ́ wọlé, ó wa ihò sábẹ́ ìdí rẹ̀, odindi ìdì kan tó tó tábìlì sì ya lulẹ̀ pẹ̀lú gbogbo erùpẹ̀ tó gbé dání. Lórí ilẹ̀ oko tí kò sún mọ́ odò, kò sóhun tó burú nínú rẹ̀; àwọn àgbẹ̀ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ń gbìn ín sórí ebè àtẹ̀gùn wọn. Etí odò tí omi ń họ nísàlẹ̀ ni kò yẹ ẹ́.

Tí ẹ bá ń sin ewúrẹ́, àgùntàn tàbí ọ̀yà, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Nígbà náà, eèsún ni kí ẹ gbìn, kí ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa gé e ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 síra. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, igi rẹ̀ á le, oore inú rẹ̀ fún ẹran á sì dín kù. Èyí tí wọ́n ń pè ní Pakchong, tí àwọn ọlọ́sìn ẹran ń wá kiri báyìí, àdàlù eèsún àti jéró ni. Thailand ni wọ́n ti ṣe é.

Ó tún ní iṣẹ́ kan tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Kẹ́ńyà, ilé ìwádìí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní icipe kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti fi eèsún yí oko àgbàdo ká. Labalábá òru tí ìdin rẹ̀ ń gún igi àgbàdo fẹ́ràn láti yé ẹyin sára eèsún ju ti àgbàdo lọ, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú ìdin wọ̀nyẹn kì í là níbẹ̀. Ẹni tó ní oko àgbàdo lápá Mọ́níyà lè rò ó wò.

Nínú ọgbà ilé, ìyọnu rẹ̀ pọ̀. Etí ewé rẹ̀ ń ya èèyàn lára, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn tí ẹ bá fẹ́ gé e. Ó ń ràn. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, eku á kọ́lé síbẹ̀, ejò á sì tẹ̀lé eku. Èyí tí ewé rẹ̀ jẹ́ elésè-àlùkò lẹ́wà púpọ̀ lójú ọgbà. Ìdì kan péré ti tó. Ohun tí mo sì ń ṣàárò látìgbà tí mo ti hú tèmi ni àwọn ẹyẹ ẹ̀gà: wọ́n máa ń wá lárààárọ̀, wọ́n á fi ẹnu la ewé rẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fò lọ pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹni gbé okùn.

Iféfé

Èyí ni koríko irà gidi. Igi rẹ̀ ṣófo nínú, orí rẹ̀ ń hu irun bí ìyẹ́ nígbà tó bá yọ òdòdó, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i nírọ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ ń tuni lára. Ẹ jẹ́ kó dùn mọ́ yín ní ibi tó wà. Ẹ má gbé e wọlé.

Abẹ́ ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń gbà rìn, oríkèé kọ̀ọ̀kan ń hu ọmọ tuntun. Lọ́dún kan, ó hù jáde láàárín ewédú mi, níbi tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí ibi tó yẹ kó wà. Mo gbẹ́ ẹ, mo já a, gbogbo gígé tí mo fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ ló hù. Ọdún méjì gbáko ni mo fi bá a jà.

Síbẹ̀, n kò gé gbogbo èyí tó wà létí odò, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má gé tiyín. Igi tó ṣófo yẹn ń gbé atẹ́gùn lọ sí gbòǹgbò nínú ẹrẹ̀ tí kò ní atẹ́gùn, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó ń jẹ ìdọ̀tí sì ń gbé yí gbòǹgbò náà ká. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gbìn ín sínú adágún òkúta wẹ́wẹ́ ní Jámánì láti sẹ́ omi ìdọ̀tí ilé. Nínú odò tí gbogbo àdúgbò ń da omi ìfọṣọ sí, ẹ rò ó pé ẹ ní ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ láì gbowó. Ẹ kàn máa gé etí rẹ̀ tó bá fẹ́ kọjá ààlà.

Koríko ọba, àti méjì mìíràn

Koríko ọba dára, kì í sì í ṣe fún etí omi. Ẹ gbìn ín sókè, nítòsí ilé ìdáná, níbi tí omi kì í dúró sí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ hú u, ẹ pín in, ẹ tún un gbìn. Ẹ fi sínú àgbo, ẹ fi ṣe tíì. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé ẹ̀fọn kò ní wọ ilé tí ó bá wà. Kò rí bẹ́ẹ̀: òróró inú ewé ló ń lé ẹ̀fọn, kì í sì í jáde àyàfi tí ẹ bá rún ewé náà.

Ọparun ń kọ́? Fún ilẹ̀ ńlá lẹ́yìn ìlú, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan, rárá. Ó wúwo púpọ̀ lórí gbòǹgbò tí kò jìn, tí omi bá sì gba abẹ́ rẹ̀, ó lè ya lu fẹ́ǹsì aládùúgbò.

Ìrèké kò nílò ìwáàsù. Tí ẹ bá ní àkùrọ̀ tó tẹ́jú, ẹ gbin díẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Bí a ti pín ilẹ̀ tiwa

Iféfé wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú ẹrẹ̀, níbi tí Ọlọ́run gbìn ín sí. Ìlà vetiver mẹ́ta ló tẹ̀ lé e lórí gẹ̀rẹ́ náà, ẹsẹ̀ bàtà 5 síra. Ẹ̀fọ́ wà láàárín wọn. Koríko ọba wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. A kò ní ẹran ọ̀sìn, nítorí náà a kò ní eèsún.

Tí etí odò yín bá ti dúró ṣanṣan bí ògiri, tí abẹ́ rẹ̀ sì ti wọlé, ẹ má tíì gbin nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ gé e dà gẹ̀rẹ́ ná, tàbí kó fi àpò yanrìn gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ró. Koríko nílò oṣù mélòó kan kí gbòǹgbò rẹ̀ tó lágbára, ògiri tó ti ń ya kò sì ní dúró dè é.

Ìparí oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ni kí ẹ gbìn, nígbà tí òjò ti dúró sójú kan, kí gbòǹgbò lè ti wọlẹ̀ kí òjò ńlá oṣù Kẹsàn-án tó dé. Ẹni tó bá gbìn ín lóṣù Kọkànlá yóò fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn pọn omi.

Lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, kí ilẹ̀ tó gbẹ, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti orí dé ìdí. Ibi tí mo bá ti rí àlàfo tó gba ọwọ́ mi, mo máa ń ya ọmọ kan kúrò lára èyí tó ti dì jù, mo sì ń fi í dí i lọ́jọ́ náà gan-an.